Igbá Òrí Méjì Nílé Àwáwù

Nígbà tí Ṣakí gbọ́ pé Àwáwù olórìí ti kú, ìlú sunkún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọlọ́pàá bá òrí tó ti bàjẹ́ nílé rẹ̀, ìlú ò gbà á gbọ́. Ikú kì í ṣe àjèjì, ó ti mú ẹni tó sàn ju Àwáwù lọ rí. Ṣùgbọ́n òrí Àwáwù! Òrí tí wọ́n ń ti Ìgbòho wá rà, tó ń pé ọdún méjì nínú igbá tí òórùn rẹ̀ kì í yí padà, tí ìyá ìkókó ń fi ìyókù rẹ̀ pamọ́ de oyún tó ń bọ̀, pé òun náà lè bàjẹ́? Àwọn obìnrin ọjà ní kì í ṣe ojú lásán.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ òórùn náà ni Ìsípẹ́kítọ̀ Ládòkun, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán láti Ìsẹ́yìn pé kó wá wádìí ikú náà. Ọyẹ́ ọdún 1983 yẹn le, ó ti dí ihò imú rẹ̀ méjèèjì pa láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó dúró láàárín ilé ìdáná òkú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ń wo ilẹ̀, nígbà tí Yẹ̀kínì, kọ́ńsítébù Ṣakí tí wọ́n ní kó tẹ̀ lé e, fi fìlà bo imú, tó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń pè níta.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

"Bí mo bá gbọ́, ṣé mo máa bi ọ́?"

Yẹ̀kínì nawọ́ sí igbá méjì tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ. Wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi bò wọ́n, aṣọ náà wà nílẹ̀. Òrí kún àwọn igbá méjèèjì dọ́gba. Ènìyàn kò lè fi ojú fìyàtọ̀ sí wọn, àfi pé èyí tó wà lápá òsì pọ́n díẹ̀.

"Tòsì yìí ló ń rùn. Èkejì ò ṣe nǹkan kan. Bí ẹni pé àná ni wọ́n sè é."

Ládòkun lóṣòó. Ibi tí ó lóṣòó sí yẹn gan-an ni wọ́n ti bá Àwáwù ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, orí rẹ̀ ti fọ́ sára etí ọlọ. Ìkòkò ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ààrò, ó ti jóná mọ́ ìdí, kò sì sí ẹni tó bù ú. Nítorí náà, àárọ̀ ni ó kú. Apá rẹ̀ méjèèjì sì ní ojú ọwọ́ ẹni tó gbá a mú. Ẹni tó yọ̀ ṣubú fúnra rẹ̀ kì í ní irú ojú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Lójú àwọn ọlọ́pàá Ṣakí, ọ̀ràn náà ti parí. Ọdẹ́bọ̀dé, àgbà ọdẹ ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ni aládùúgbò rí tó ń sá jáde nílé náà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, tó há àpò kan mọ́ abíyá. Nígbà tí ọlọ́pàá lé e bá lójú ọ̀nà, iná ìgbẹ́ ń jó lẹ́bàá títì, ọdẹ náà sì ju àpò rẹ̀ sínú iná kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Kò dáhùn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n ti ń nà án ni ó ń dákẹ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, mọ́tò yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, gbogbo ayé sì mọ ohun tí wọ́n ń fi okùn ṣe níbẹ̀.

Ládòkun ní kí Yẹ̀kínì di igbá méjèèjì padà, kí ó gbé wọn lọ sí téṣàn.

*

"Bàbá," ni Ládòkun wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àhámọ́ kí ojú òun àti ti arúgbó náà lè dọ́gba. "Ṣé ẹ bá a láàyè?"

"Òkú ni mo bá."

"Kí ló dé tí ẹ ò figbe ta?"

"Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ìwọ tí o jókòó yìí, ṣé o gbà mí gbọ́?"

Ètè Ọdẹ́bọ̀dé ti wú, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti dí. Àwọn ọmọ tí ó lè bí ní ọmọ-ọmọ ló lù ú bẹ́ẹ̀. Inú bí Ládòkun, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìbínú òun ò lè dá ọkùnrin náà sílẹ̀.

"Kí ló wà nínú àpò?"

"Iná ti jó o."

"Èèpo igi ni. Gbogbo ọjà ló ń sọ pé èèpo kan ni Àwáwù ń fi sínú òrí. Ẹ̀yin lẹ máa ń bó o wá fún un."

Arúgbó náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó Ládòkun.

"Ọmọ mi," ni Ọdẹ́bọ̀dé wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọgbọ̀n ọdún nìyí tí mo ti búra. Ìmàle ni Àwáwù, ṣùgbọ́n kò fi Kùránì mú mi búra. Ó ní Kùránì ò ba ọdẹ lẹ́rù. Irin ni ó gbé kalẹ̀, ó ní kí n fi ẹnu kàn án. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ni mo lè dárúkọ igi yẹn fún, ọmọ rẹ̀ Sàrátù, nígbà tó bá pé ogójì ọdún tí ẹnu rẹ̀ bá ti wúwo. Ó ku ọdún mẹ́jọ."

"Bàbá, ẹ gbọ́. Àárọ̀ ni wọ́n pa á. Bó bá jẹ́ pé inú igbó lọ́nà ọ̀dọ̀ yín lẹ wà láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ojú ibi tí ẹ ti bó èèpo ṣì tutù. Ẹ sọ igi náà fún mi, kí n rán ẹni tó mọ igbó lọ wò ó lónìí. Kò sí ẹni tó lè wà nídìí igi yẹn àti ní Ṣakí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó di òmìnira kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fẹ́ kú?"

"Mi ò fẹ́ kú," ni Ọdẹ́bọ̀dé wí. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú?"

*

Ní ojúde téṣàn, Dókítà Adékúnlé ti jókòó dè é lórí àga. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì ni, tó ti ń wá ewé àti egbò kiri Òkè-Ògùn láti ọdún tó kọjá, tó dé sí ilé ìgbàlejò ìjọba. Fúnra rẹ̀ ni ó wá sí téṣàn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun dé ọ̀dọ̀ Àwáwù rí, ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Òun bi í nípa òrí rẹ̀, ó fi ọmọ orógùn lé òun jáde. Òun ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ dùn. Ládòkun, tí kì í tètè fẹ́ràn ènìyàn, fẹ́ràn rẹ̀.

"Kí tilẹ̀ ni òrí fi ṣe yín, Dókítà?"

"Ọ̀gá, ẹ wo irin ìlẹ̀kùn yín yìí. Kí ló jẹ ẹ́?"

"Ìpẹtà ni."

"Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí náà ni. Ohun tó ń ṣe irin ló ń ṣe epo, títí epo yóò fi máa rùn. Ó sì dà bíi pé òun náà ló ń ṣe àwa ènìyàn, díẹ̀díẹ̀, tí a fi ń gbó. Àwọn èèpo àti ewé kan wà tó máa ń gba ìyà yẹn jẹ dípò epo. Wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jẹ àwọn, kí epo lè yè. Àwọn òyìnbó ń po irú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn, ẹ̀rù sì ti ń bà wọ́n pé èyí tí àwọn pò lè ṣe ara níbi. Èyí tó bá ti inú igi wá, tí àwọn ìyá wa ti ń jẹ láti ayébáyé, ẹni tó bá rí i..." Ó wo ẹnu ọ̀nà àhámọ́. "Wọ́n ní bàbá kan wà níbẹ̀ tó mọ igi. Ó ṣe mí láàánú. Ṣé mo lè kí i?"

Ládòkun rò ó. Ọdẹ náà kò sọ̀rọ̀ fún ọlọ́pàá. Bóyá yóò sọ̀rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn igi, kí ó sì gba ara rẹ̀ là.

"Ẹ kí i," ni ó wí. "Yẹ̀kínì, ṣílẹ̀kùn fún Dókítà. Kí o wá gbé igbá kan tẹ̀ lé mi."

Ìkórìíra tí ó ní sí ara rẹ̀ nítorí gbólóhùn yẹn, kò tíì tán nínú rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

*

Olórìí kejì tó lórúkọ ní Ṣakí ni Mojọlá. Òun àti Àwáwù kò kí ara wọn láti ogún ọdún. Ní ọjà, lójú gbogbo ènìyàn, ó ti sọ ọ́ rí pé ọjọ́ tí Àwáwù bá kú ni òun yóò tó jẹun kánú. Nígbà tí Ládòkun wọlé tọ̀ ọ́, kò dìde.

"Ẹ ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé," ni ó wí. "Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ìdí ààrò mi ni mo wà, àwọn obìnrin mẹ́fà ló ń bá mi pò. Ẹ lọ bi wọ́n."

"Mo ti bi wọ́n. Imú yín ni mo wá yá, Ìyá."

Yẹ̀kínì tú igbá tí ó gbé. Mojọlá fẹ́ fi ọwọ́ bo imú, ó sì tún gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó fi ìka bù díẹ̀, ó rà á mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi èémí gbígbóná sí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Ọwọ́ Àwáwù ló pò ó. Kò ní koko, kò ní ìdọ̀tí. Ta tún ni ó lè pò ó báyìí? Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan rẹ̀ sí i."

"Ó gbàgbé ni?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí obìnrin tó gbàgbé iyọ̀ rí? Ó lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó bá rántí, ṣé yóò bo ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ yẹn, kó gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù? Bí Àwáwù bá se òrí tó kù díẹ̀ káàtó, alágbẹ̀dẹ ló ń fún kó fi pa irin. Kì í sun ilé pẹ̀lú rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ se èyí tí yóò bàjẹ́, ó sì tọ́jú rẹ̀ kí ó bàjẹ́."

"Kí ni nǹkan rẹ̀ tí kò fi sí i?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé n óò máa ta òrí tó ń yí padà kí ọdún tó yí?" Ó fa igbá náà mọ́ra, ó tún wò ó. Lójijì omi bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i pé ó bọ́. "Ogún ọdún ni mo fi bá obìnrin yìí jà. Ta ni kí n wá máa bá jà báyìí?"

Ládòkun bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ ohun tí ó fi imú mọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ó wá bá òun lọ jókòó ti Sàrátù títí òun yóò fi padà. Mojọlá gbé gèlè rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

*

Sàrátù ò sunkún mọ́. Ó jókòó sí ìdí ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wo Mojọlá bí ẹni tó rí ejò tó wọlé wá kí i.

Ládòkun tẹ́ aṣọ méjì síwájú rẹ̀, àwọn aṣọ tí wọ́n fi di igbá méjèèjì. Àdìrẹ ni. Ó fa etí wọn pọ̀, ojú ibi tí ọ̀kan ti ya sì wọ inú èkejì geere.

"Ìró mi ni," ni Sàrátù wí. "Ìyá mi ló fà á ya sí méjì nígbà tí mo lọ sí ọjà Ìgbòho. Mo dé, mo bínú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn máa ra òmíràn fún mi."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù kọkànlá. Wọ́n ló di dandan kí n lọ sí Ìgbòho lọ́jọ́ yẹn, pé àwọn fẹ́ dá se nǹkan. Nígbà tí mo dé, igbá méjèèjì ti wà lórí àjà ní ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ṣé wọ́n sọ ohun tó wà fún?"

"Wọ́n ní bó bá yá, ẹnì kan yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá, yóò sì yé pè wá ní ará oko."

"Ta ni ẹni náà?"

Sàrátù mi orí. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ nǹkan tán.

Ládòkun jáde síta, ó dúró sábẹ́ igi. Igbá méjì, ọjọ́ kan náà, aṣọ kan náà, oòrùn kan náà. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú wọn. Ó rántí bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ tó ń rẹ òwú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé aró tuntun wá fún un láti ọ̀dọ̀ aláró tí kò mọ̀, bàbá rẹ̀ yóò já òwú kan sọ́tọ̀, kò ní rẹ ẹ́. Yóò sá a sí oòrùn pẹ̀lú èyí tí ó rẹ. Gbogbo ahunṣọ yòókù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi òwú ṣòfò. Ó máa ń dáhùn pé òun ò lè mọ ohun tí aró ṣe bí òun ò bá mọ ohun tí oòrùn ì bá ṣe láìsí aró.

Nínú gbogbo Ṣakí, ta ló fẹ́ òrí tó bàjẹ́? Olórìí kì í fẹ́ ẹ, oníbàárà kì í fẹ́ ẹ, ọdẹ tó ń bó èèpo ọgbọ̀n ọdún kò nílò rẹ̀, ó ti mọ ohun tí èèpo rẹ̀ ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni òrí tó bàjẹ́ wúlò fún, ẹni tó fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dára kí ó lè mọ agbára èèpo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ọ̀kan ṣoṣo ló dé sí ilé ìgbàlejò ìjọba, ó sì ti fọwọ́ sí i lórí ìwé pé wọ́n fi ọmọ orógùn lé òun.

Àwáwù kò lè fa ìró ọmọ rẹ̀ ya nítorí ẹni tí ó fi ọmọ orógùn lé.

*

Wọ́n bá Dókítà Adékúnlé ní ilé ìgbàlejò, ó ń di ẹrù. Ó ní iṣẹ́ òun ti parí, òun ń padà lọ́la. Yẹ̀kínì gbé igbá kan ṣoṣo kalẹ̀ lórí tábìlì, ó tú u. Òórùn náà gba yàrá kan.

"Ẹ má bínú, Dókítà," ni Ládòkun wí. "Ìwé ránpẹ́ kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú fáìlì pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ èèpo yìí, pé a yẹ òrí obìnrin náà wò, ó bàjẹ́ bíi ti ẹni gbogbo. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ kàn fọwọ́ sí i pé èèpo rẹ̀ kò lágbára kankan."

Dókítà wo igbá náà. "Mi ò lè kọ ìyẹn."

"Kí ló dé? Imú mi dí, ṣùgbọ́n tiyín là. Ó ń rùn."

"Ọ̀gá, irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́."

"Iṣẹ́ ta ni? Ẹ ní ẹ ò tilẹ̀ rí èèpo náà rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi: òrí Àwáwù, pẹ̀lú èèpo, oṣù mẹ́ta, ó bàjẹ́."

"Kì í ṣe pẹ̀lú èèpo!" Ohùn rẹ̀ le, bí ti olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ya ọ̀dẹ̀. "Èyí tí kò ní èèpo lẹ gbé wá. Èyí tó ní i ni kí ẹ wò, kò yí padà rárá."

Yẹ̀kínì dẹ́kun jíjẹ èékánná rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ọ̀kan ò ní i?" ni Ládòkun béèrè.

"Ìlú... gbogbo ìlú ń sọ pé igbá méjì ni."

"Ìlú ń sọ pé ọ̀kan ń rùn. Wọ́n ní àjẹ́ ni, wọ́n ní ọwọ́ ìyá náà ti ṣá. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sè é láìfi èèpo sí i. Obìnrin tó fi imú mọ̀ ọ́n wà lọ́dọ̀ Sàrátù, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni méjì ló mọ̀: ẹni tó sè é, àti ẹni tó ní kó sè é. Ẹni tó sè é ti kú."

Dókítà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ó rẹ́rìn-ín," ni ó wí níkẹyìn. "Mo dé ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ Jímọ̀ bí a ti jọ ṣàdéhùn. Ó sọ méjèèjì kalẹ̀, ó tú wọn, ó ní kí n gbóòórùn. Oṣù mẹ́ta, nínú oòrùn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo bi í pé igi wo ni. Ó ní, 'Mo ní kí o rí i, mi ò ní kí o mú un.' Ó kọ̀yìn sí mi bí ẹni pé ọmọdé ni mí. Mo kàn dì í lápá mú kí ó lè gbọ́ mi ni. Ó já ara rẹ̀ gbà, mo tì í. Mi ò ní i lọ́kàn láti pa á."

"Òun náà ò ní i lọ́kàn láti kú."

"Ó fẹ́ gbé e wọ sàréè, Ọ̀gá! Nǹkan tó lè ṣe gbogbo ayé lóore! Nítorí ìgbéraga."

"Ó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀," ni Ládòkun wí. "Ẹ dìde."

Dókítà dìde. Ní ẹnu ọ̀nà ó dúró, kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ lè mú mi. Igi yẹn ti lọ. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà, dẹ́rẹ́bà mọ́tò Ìbàdàn ti gbé e lọ láti ọ̀sán. Iṣẹ́ náà yóò jáde, orúkọ mi ni yóò sì wà lórí rẹ̀."

"Orúkọ wo? Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Ó dárúkọ igi náà. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò ní dárúkọ rẹ̀ síhìn-ín. Àwọn tó ti gbọ́ ọ ti pọ̀ jù. Ládòkun kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó fi Dókítà lé Yẹ̀kínì lọ́wọ́, ó ń sáré lọ sí téṣàn.

*

Ọdẹ́bọ̀dé jókòó sí ibi tí ó fi í sí, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti sọ̀.

"Ọ̀rẹ́ rẹ, dókítà yẹn, ènìyàn dáadáa ni," ni ó wí bí ìlẹ̀kùn ti ṣí. "Ó sunkún pẹ̀lú mi. Ó ní òun fúnra òun yóò lọ sínú igbó lọ wo ojú ibi tí mo bó, pé ọ̀rọ̀ òun ni adájọ́ yóò gbọ́. Ó ní òun ò ní sọ ọ́ fún ẹlòmíràn." Ó gbé ojú sókè. "Mo sọ fún un. Mo ní kí Àwáwù fojú fò mí. Ọmọ mi, ẹ̀rù ikú bà mí."

Ládòkun ti mú apànìyàn mọ́kànlá láyé rẹ̀, kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí èyí tó kù fún un láti sọ. Ó sọ ọ́. Ó sọ ẹni tí Dókítà jẹ́. Ó sọ pé òun gan-an lòun ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó sọ pé, ká ní arúgbó náà dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ì bá jáde, ìbúra rẹ̀ ì bá sì wà lódidi.

Ọdẹ́bọ̀dé fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀ tó wú, ó wo ọwọ́ náà, ó sì dìde. Wọ́n kó fìlà àti bàtà rẹ̀ fún un lórí káńtà. Yẹ̀kínì, tó wà nínú àwọn tó lù ú, ń tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Sàrátù àti Mojọlá ti dé ojúde téṣàn, ìròyìn ti bá wọn nílé. Arúgbó náà rìn lọ bá Sàrátù. Bó ti dàgbà tó yẹn, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú ẹni tí ó lè bí.

"Sàrátù, ọdún mẹ́jọ ò lè pé mọ́," ni ó wí. "Irin yóò bá mi wí, èmi àti rẹ̀ la jọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni. Gbé etí rẹ wá. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ kí ó tó di ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé."

Mojọlá, tí ó ti fi ogún ọdún wá ọ̀rọ̀ kan yẹn, yí padà, ó rìn lọ sí òdìkejì títì kí ó má baà gbọ́.

Sàrátù bẹ̀rẹ̀, ó di arúgbó náà lápá mú, ó gbé e dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"Ẹ máa lọ sílé, Bàbá," ni ó wí. "Ẹni tó pa ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."